Ọwọ́ Òsì Mosúnmọ́lá

Wọ́n ní kí n sin ọmọ-ọmọ mi lọ síléèwé lónìí,
ìyá rẹ̀ nípàdé, bàbá rẹ̀ wà lóko kòkó.
Mo wọ ṣòkòtò kákí tí mo fi fẹ̀yìn tì.
Mo mú agboòrùn. Òjò ò ṣú;
agboòrùn ló rọ́pò pàṣán lọ́wọ́ mi.

Òkèsà ni, lẹ́yìn ilé ẹlẹ́rọ ata,
mo dúró de agogo títí.
Kò sí agogo.
Ta ní wá ń sọ fọ́mọ pé àkókò ti tó?

Nínú yàrá, kò sí bẹ́ǹṣì tó kọjú síwájú,
kò tilẹ̀ sí iwájú.
Ọ̀kan ń da omi látinú agolo mílíìkì sínú agolo tòmátò,
ó ń dà á padà,
ó tún ń dà á padà,
àfi bí ẹni tí wọ́n ń sanwó iṣẹ́ náà fún.
Ọ̀kan ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
wọ́n sì jẹ́ kó sun ún tán.

Mo wá olùkọ́ títí.
Àṣé òun ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn,
Àǹtí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ẹfun lórí orúnkún rẹ̀,
tí ọmọ kan ń fi ìgbín hàn án.
"Kí ló fi ń rìn?" ló bi í, bí ẹni tí ò mọ̀.
Ọmọ náà ronú. Ó ronú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀
tí mo fi fẹ́ bá a dáhùn.
(Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dáhùn
ìbéèrè tí ọmọ kankan ò bi mí.)
"Ikùn rẹ̀ ni," ọmọ náà wí.
Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo wo ikùn ìgbín.

Hóró kòkó gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣírò.
Mosúnmọ́lá ka tirẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, àrún.
Mo fún agboòrùn mọ́wọ́ pinpin.
Àǹtí ò sọ pé ó fo nǹkan kan,
ó ní kó pín in fáwọn márùn-ún tó jókòó.
Ìgbà tó kan ẹni tó ń sunkún, àtẹ́lẹwọ́ ṣófo.
"Ẹ̀rin!" ló ké, "ẹ̀rin ti sọnù!"
Ó sì sáré lọ wá a.

Lẹ́yìn èyí ló mú ẹfun.
Ọwọ́ òsì ló fi mú un.

Fápọ̀hùndà, níbikíbi tí o bá wà:
ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa
ni mo fi okùn so ọwọ́ òsì rẹ mọ́ àga.
Mo ní mò ń tún ọ ṣe. Bàbá rẹ dúpẹ́,
ó ru iṣu mẹ́fà wá.
O fi ọ̀tún kọ̀wé, ó rí kọ́lọkọ̀lọ,
o ò sì ya ẹyẹ mọ́.
Àwọn ẹyẹ rẹ kì í fò, ṣé o rántí,
wọ́n máa ń dúró lórí ìlà ìwé
bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan.
A jẹ iṣu náà. Ó dùn.

Mo sún mọ́ Àǹtí, mo rọra sọ ọ́:
"Òsì ló ń lò o."
"Ọwọ́ rẹ̀ ló ń lò, Bàbá,"
ó tún kọjú sí ìgbín rẹ̀.

Àwa náà la ń pa á lówe pé òsì ní ń wẹ ọ̀tún.
Ta ló wá bi òsì rí pé kí lòun náà mọ̀?
Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀;
ní Iléṣà tiwa níbí, ní kíláàsì mi,
àgbà nìkan ló ń dá a, ó sì ń wó.

"Kí lo yà?"
"Ulé," ló wí. Ulé! Ẹnu ìyá-ìyá rẹ̀ gan-an.
Mo la ẹnu kí n tún un ṣe.
Mo pa á dé.
"Ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?"
Kò gbójú sókè.
"Ó ṣì ń bọ̀."

Mo fi agboòrùn ti ògiri.
Orúnkún mi ké nígbà tí mo ń jókòó sílẹ̀,
àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín,
mo wá jókòó tì í,
mò ń dúró de ilẹ̀kùn.